Òòfà àti Àlàfo tí ó Yí Irin Ká

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti gbà pé òòfà a máa fa irin láti òkèèrè, láìsí ohunkóhun láàrin wọn. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó kọ́ iṣẹ́ ìdìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó wọ́n èérún irin sórí tákàdá lókè òòfà, wọ́n tò ní ìlà-ìlà. Lójú tirẹ̀, àwọn ìlà náà ń fà bí okùn tí a nà, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ìṣirò gíga, àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ kò sì kà á sí.

James Clerk Maxwell, ará Skọ́tíláǹdì, ni ó sọ ọ́ di ìṣirò ní 1861. Bí a bá fẹ́ mọ agbára tí òòfà ní lórí irin kan, kò di ìgbà tí a bá yẹ inú irin náà wò. Kí a ro àpò kan tí ó bò ó yíká nínú afẹ́fẹ́, kí a ṣírò ìfà àti ìtì ní gbogbo ojú àpò náà, kí a sì rò wọ́n pọ̀. Àpò náà ìbáà tóbi, ìbáà kéré, èsì kan náà ni, bí kò bá ṣáà ti kó ohun mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pè é ní àlùpàyídà.

Ní 1873, Maxwell fi èrò kan náà sọ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ti ohun tí ó bá bà lé. Ó kú ní 1879. Ní 1901 ni Pyotr Lebedev, ní Moscow, kéde pé òun ti wọn ìtì náà. Èròjà àìrí tí Maxwell rò pé ó kún inú àlàfo ti di ohun ìkọ̀sílẹ̀. Àpò rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná ṣì fi ń ṣírò.