Nígbà Tí Kíláàsì Kún Dé Ojú Fèrèsé

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn. Ilé tí wọ́n kó wọn sí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n sọ di kíláàsì àti yàrá ìsùn. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló ti Yaba Higher College wá. Kenneth Mellanby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ọ̀gá àgbà wọn. University College, Ibadan ni wọ́n ń pè é, Yunifásítì London ló sì ń fún àwọn tó bá yege ní oyè, títí di 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí kíláàsì ńlá ṣe di wàhálà ní yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni tí Ìbàdàn gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹsẹ̀ méjì ló fi dúró. Lẹ́kíṣọ̀ ni ẹsẹ̀ kan: olùkọ́ á dúró níwájú, á máa sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tùtóríà ni ẹsẹ̀ kejì. Níbẹ̀, ọmọ mélòó kan péré ló máa jókòó ti olùkọ́. Ọ̀kan nínú wọn á ka àròkọ tó kọ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, olùkọ́ á sì máa bi í: kí lo rí tí o fi sọ èyí? Níbo lo ti kà á? Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ìwé, àṣírí á tú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé, ojú ẹsẹ̀ ló máa hàn, wọ́n á sì tún un ṣe kí ìdánwò tó dé.

Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó wà nínú ilé. Ẹni tó wà níta ńkọ́?

Ilẹ̀kùn Ìbàdàn há. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní làákàyè ni kò ríbẹ̀ wọ̀, nítorí pé ilé ìwé girama kò tó nǹkan, owó ilé ìwé sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ. Kí yunifásítì kankan tó dé Nàìjíríà rárá, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti fi ìwé kíkà nílé gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944, láìjókòó ní kíláàsì wọn. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà há. Ní 1949, ó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìta sílẹ̀ lábẹ́ Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kí àwọn olùkọ́ lè gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn akọ̀wé, tíṣà àti òṣìṣẹ́ nílùú wọn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Èrò tó máa kún kíláàsì ti ń bọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pé 500,000. Lọ́dún 1955 yẹn, ó ti kọjá 800,000. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé nígbà náà, bí ìwé bá ń wọ̀ ọ́ lórí tí kò sì sóhun tó dá a dúró, yóò kan ilẹ̀kùn yunifásítì ní nǹkan bí ọdún 1968. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì kàn án. Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, n'Ìbàdàn, nínú ọgbà tó di The Polytechnic lónìí, kó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Yunifásítì Èkó náà bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ìjọba àpapọ̀ kéde yunifásítì méje mìíràn ní 1975, gbogbo rẹ̀ sì di 13. Ní 1976, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ti Nàìjíríà látòkè délẹ̀. Ní 1978, wọ́n dá JAMB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé, nítorí èrò ti pọ̀ ju ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè dá yanjú.

Ohun ayọ̀ ni gbogbo èyí. Ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ọmọ aláṣọ Ìṣẹ́yìn, ọmọ ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ wọ yunifásítì, ohun tí àwọn 104 ti Ẹlẹ́yẹlé nìkan ní di ohun tí mẹ̀kúnnù náà lè fojú sọ́nà fún. Ẹni tó bá ń sọ pé ìgbà kíláàsì kékeré ló dára jù, kó rántí iye èèyàn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ta nígbà náà.

Èrò pípọ̀ nìkan kọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Israẹli, ló ya ọgbà Ifẹ̀. Ẹni tó bá wọ Gbọ̀ngàn Odùduwà á mọ̀ pé wọ́n ti ń retí èrò. Ìjókòó ni wọ́n pèsè. Àwọn èèyàn tó yẹ kó jókòó ti àwọn ọmọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀ ni kò tó, nígbà tí ètò SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, sì dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, tí owó oṣù olùkọ́ kò ra nǹkan gidi mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nílẹ̀ kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Saudi Arabia. Àwọn tó kù fi iṣẹ́ àwọn tó lọ kún tiwọn. Kò sẹ́ni tó kéde pé tùtóríà ti parí. Ó wà lórí àkọsílẹ̀ àkókò kíláàsì fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ó sì ku lẹ́kíṣọ̀ nìkan tó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro.

Irú lẹ́kíṣọ̀ wo? Ẹ wo kíláàsì ọdún àkọ́kọ́, ti ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka jọ gbọ́dọ̀ ṣe. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni olùkọ́ máa wọlé. Kí aago méje tó lù, ìjókòó iwájú ti kún fún báàgì, ìwé àti fìlà tí àwọn ọmọ fi gba ààyè sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Àwọn tó pẹ́ dé á dúró sẹ́yìn, àwọn tó tún pẹ́ jù wọ́n lọ á wà níta lójú fèrèsé, ọ̀kan á gbé ìwé lé ẹ̀yìn ẹnìkejì láti kọ nǹkan. Olùkọ́ á gbé máìkì. Bí iná bá lọ, ohùn lásán ló kù, ohùn náà kò sì ní kọjá ìlà kẹwàá. Ẹni tó wà lẹ́yìn á máa wo ìwé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ láti mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹnìkan bá ní ìbéèrè, ta ló máa gbọ́ ọ? Lẹ́yìn kíláàsì, aṣojú kíláàsì á gba owó jọ fún fọ́tókọ́pì, ìwé tí wọ́n bá sì pín ni ọ̀pọ̀ máa há sórí lọ síbi ìdánwò.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti yẹ àwọn yunifásítì ìjọba wò kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní 2012. Akẹ́kọ̀ọ́ lé ní 1,200,000, olùkọ́ kò sì pé 38,000. Ìlànà NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ 30 máa wà fún olùkọ́ kan ní ẹ̀ka áàtì àti ìmọ̀ àwùjọ, 20 ní sáyẹ́ǹsì, 10 ní ìṣègùn. Ìgbìmọ̀ náà rí yunifásítì tí olùkọ́ kan ti ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 122, ìyẹn ti Àbújá. Ó rí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti ń fi sítóòfù oníkẹrosíìnì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí iná gáàsì ṣe. Àwọn tó ń fojoojúmọ́ wọ inú kíláàsì wọ̀nyí kò nílò ìròyìn kankan kí wọ́n tó mọ̀, ṣùgbọ́n ó dára pé ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ìdánwò náà yí padà. Olùkọ́ tó ní ìwé ìdáhùn ẹgbẹ̀rún méjì níwájú kò lè ka àròkọ tó bẹ́ẹ̀ kó sì kọ àlàyé sí etí ìwé kọ̀ọ̀kan. JAMB gbé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà dé ní 2013, ó sì di ti gbogbo ènìyàn ní 2015. Àwọn yunifásítì náà ti mú un lò fún àwọn ẹ̀kọ́ tí èrò pọ̀ sí jù. Ó yára, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ọmọ lè lo ọdún méjì ní yunifásítì láìkọ àròkọ kan tí ẹnìkan kà, tó sì sọ fún un pé ibí yìí ni àlàyé rẹ ti wọ́.

Àwọn kan wà tí kíláàsì ńlá ń ni lára ju ẹlòmíràn lọ. Ìbàdàn ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ sí ní 1960. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò gbọ́ràn àti ọmọ tí kò ríran ń dé yunifásítì. Nígbà tí wọ́n bá dé, inú gbọ̀ngàn tó kún náà ni wọ́n máa wọ̀. Adití gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ ògbufọ̀ rẹ̀ kedere. Bí èrò bá dúró ní ojú ọ̀nà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti tán fún un. Ẹni tí kò ríran á gbọ́ pé olùkọ́ ń sọ pé, "bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, èyí kọjá sí ibí," ó sì ń gbọ́ ìró ṣọ́ọ̀kì lára pátákó. Bí olùkọ́ bá kàn ka ohun tó ń kọ jáde bó ṣe ń kọ ọ́, á yé e, á sì yé àwọn ẹni ojú fèrèsé náà. Òfin tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ó sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti di èyí tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Àtẹ̀gùn tí kò sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló gbé tùtóríà dìde padà. Ní Ifẹ̀, Ìbàdàn, Èkó àti Ìlọrin, ẹgbẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì ń ṣètò tùtóríà ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ ọdún kẹta tó yege nínú kálíkúlọ́ọ̀sì á mú ṣọ́ọ̀kì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọ á yí i ká, á sì mú ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí ọ̀rọ̀ lọ́nà, Yorùbá á wọlé. Ẹni tí kò lè nawọ́ sókè láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn á sọ níbí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, kò yé mi."

Ọgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Ní ilé kéú, áfà kan lè ní ọmọ ọgbọ̀n tí ìpele wọn kò dọ́gba. Ọmọ tó ti kọjá ibì kan á máa kọ́ àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ lórí wàláà, áfà á sì máa gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní Sierra Leone lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822. Kò pẹ́ tó fi di ẹni tí wọ́n ní kó máa kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣáájú nínú ìwé Fourah Bay College ní 1827. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni í jẹ́ jànmọ́ọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní sàfù ẹ̀yìn, ìyẹn ìlà ẹ̀yìn nínú ìrun, ní láti gbọ́ ohùn ẹnìkan.

Irú ọgbọ́n yìí ṣeé lò nínú lẹ́kíṣọ̀ ńlá náà. Ní 1991, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Eric Mazur tó ń kọ́ físíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́kíṣọ̀ rẹ̀ dúró láàárín. Á béèrè ìbéèrè kan, oníkálukú á dáhùn fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn láti jọ jiyàn lé e, wọ́n á sì tún dáhùn. Ọwọ́ nínà tàbí bébà aláwọ̀ ti tó láti fi ṣe é. Olùkọ́ tó ní ẹgbẹ̀rún ọmọ ní Àkókà, ọgbà Yunifásítì Èkó, lè ṣe é lọ́la láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín lẹ́kíṣọ̀ kò lè rọ́pò ẹsẹ̀ kejì tó kán, inú rere àwọn ọmọ Sátidé náà kò sì kárí. Ọmọ tí kò sí nínú ẹ̀sìn ẹgbẹ́ tó ṣètò rẹ̀ lè máa tijú láti wọlé. Ògbufọ̀ kì í sí níbẹ̀ fún adití. Ọmọbìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ìlú kò lè dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn yunifásítì wa kún fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ti ọ̀mọ̀wé tó ń wá owó ìwé kiri, tí wọ́n sì mọ ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ bí ẹní mowó. Kí àwọn yunifásítì náà san owó fún wọn láti mú ogún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, lójú mọmọ, kí ó wà lórí àkọsílẹ̀ àkókò kíláàsì, kí ògbufọ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún kẹta tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdánwò tiwọn náà sì ń dúró dè wọ́n.