Nọ́ọ̀sì Ló Gbé Wa Dé Ibí: Ìtọ́jú Ọmọdé Aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ìtàn ọsibítù Onítẹ̀bọmi ìlú wa, orúkọ dókítà ló máa kọ́kọ́ jáde: George Green, míṣọ́nnárì tó dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá máa ka ilé tí wọ́n kọ́, títí dé 2009 tí Yunifásítì Bowen gbà á tó sì di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn fo àwọn kan dá. Dókítà á wá, á wo ọmọ, á kọ oògùn, á lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ta ló ń jókòó ti ọmọ náà ní aago méjì òru?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe dókítà. Virginia ní Amẹ́ríkà ló ti wá, ní 1920. Ní 1925 ló dá ilé àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti kú sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Kersey Home títí di òní. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé aṣọ àti mílíìkì lọ síbẹ̀ nígbà ọdún. Àmọ́ ṣé ẹ ti jókòó rò ó rí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmú ti lọ nìyẹn. Bí kò bá sí ìyàwó ilé kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, omi àti ẹ̀kọ ló kù. Ikùn ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò gba ẹ̀kọ. Omi odò tàbí ti kànga tí wọn kò sè á dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀, ọmọ á sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé a ní ìyá ló wá mú un.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Mílíìkì tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n ni, ìgò tí wọ́n sè nínú omi gbígbóná, ọwọ́ tí wọ́n fọ ọṣẹ sí, àti ẹni tó máa jí lóru léraléra láti fún un ní díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pátápátá nìyẹn. Kò sí ariwo níbẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kọ ọ́ sára ògiri.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé àwọn ìyá wa kò mọ nǹkankan o. Wọ́n mọ ibà, wọ́n mọ èéyi, wọ́n mọ ikọ́ tó ń fa ihò ìhà ọmọ wọlé. Bí ọmọ bá ṣu títí, wọ́n mọ̀ pé àwúje rẹ̀ á jìn wọlé, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Ibi tí wọ́n ń gbà ṣe é ló máa ń ṣòro nígbà míì. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í jẹ́ kí ìgò àdín tán nílé nítorí gìrì. Àwọn ilé mìíràn ń fi ẹsẹ̀ ọmọ tó ń gìrì sún iná, kó lè sunkún, kí wọ́n mọ̀ pé ó wà láàyè. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn mìíràn ń fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù ṣe, àwọn dókítà UCH Ìbàdàn sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àgbo yẹn ṣe ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, tó tún ń pa ọmọ. Rírọ ọmọ náà ńkọ́? Ẹ dì í nímú, ẹ da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu, apá kan á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Nọ́ọ̀sì tó bá mọṣẹ́ kò ní bú ìyá. Á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, á tú aṣọ rẹ̀, á dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kò ní fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni á wá ibà tó fa gìrì náà, kí wọ́n lè wò ó. Ìyá á máa wò. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ.

Àwọn aládùúgbò wa kan fi èyí hàn gbogbo ayé. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, dókítà òyìnbó kan, David Morley, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ ìbí dé ọdún márùn-ún, ní ìparí àwọn ọdún 1950. Òun fúnra rẹ̀ rí i pé dókítà kò lè tó, ló bá gbé ìtọ́jú ojoojúmọ́ lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá ló sì ń gbé káàdì náà lọ sílé. Àwọn kan ní àwọn ìyá máa sọ ọ́ nù. Irọ́! Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí ọsibítù ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Bí ìlà náà bá ti dúró tí kò gòkè mọ́, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ojú tó rí i. Káàdì tí wọ́n ń fún yín níbi àjẹsára lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Ìmẹ̀sí-Ilé yìí kan náà ni wọ́n ti dán àjẹsára èéyi wò lára àwọn ọmọ wa, kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí títà rẹ̀ ní 1963.

Ẹ tún rántí omi oníyọ̀ òun ṣúgà. Ní 1971, ní àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi láti Bangladesh, irú omi bẹ́ẹ̀ ló dín ikú onígbáméjì kù láti nǹkan bí 30 nínú 100 sí bíi 4, nítorí ṣúgà ló ń bá ìfun fa iyọ̀ àti omi wọlé. Nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ìlera ní 1985, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò bíà tàbí ìgò mínírà méjì kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń pò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí inú ilé yín dán an wò: ṣíbí kékeré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n nígbà náà, iyọ̀ tó bá pọ̀ jù sì lè pa ọmọ. Ẹ ra ORS àti zinc ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan fún ẹgbẹ́ wa. Bí a bá ti ní ká dáwó fún ìlera, ògiri la máa ń kọ́, a sì máa ń kun ún ní ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka èyí ní London tàbí Houston, nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ mọ̀ ju mi lọ pé yàrá tí kò ní nọ́ọ̀sì, àgádágodo ló máa bá a gbé. N kò bú yín pé ẹ lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìdáwó tó ń bọ̀ kọ́kọ́ ro ilé tí nọ́ọ̀sì máa sùn sí, àti owó tó máa jẹ́ kó dúró ní abúlé tí wọ́n bá pín in sí.

Èkejì kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ tó tọ́jú wa ń darúgbó, àwọn mìíràn ti lọ. Bí ẹ bá ní ìyá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣe nọ́ọ̀sì ọmọdé nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀, agboolé rẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti wọ́ọ̀dù tó ti ṣe é ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí Wáàsápù. Bí fọ́tò bá wà, ẹ fi kún un, kódà bó ti ṣá.