Kì í Ṣe Làpálàpá: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Wá Mọ Alopecia Areata

Bí ojú kan bá ṣófo lójijì lórí ọmọ, tí ibẹ̀ sì ń dán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé. Wọ́n á ní làpálàpá ni. Wọ́n á ní mọ́ṣíìnì onígbàjámọ̀ ló kó o ràn án. Bí kò bá wá tètè lọ, wọ́n á ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé àwa nìkan là ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn oníṣègùn ńláńlá ní Yúróòpù fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, àwọn tí irun wọn já ló sì jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, a ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti àrùn. Lára ẹni tó ní alopecia areata, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ṣi ìdí irun pè ní ọ̀tá, wọ́n sì dojú ìjà kọ ọ́. Irun á wá já ní ojú kan tàbí méjì. Ti ẹlòmíràn a máa gba gbogbo orí, ti àwọn mìíràn a tilẹ̀ kó irun gbogbo ara lọ, títí kan ti ìpéǹpéjú. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bíi 2 ni yóò ní in nígbà kan láyé wọn. Kì í ràn. Kì í sì í pa ìdí irun run. Ìyẹn ni irun fi lè hù padà, tó sì tún lè já.

Àrùn náà ti pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà, alopecia, nítorí pé irun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí àrùn awọ bá mú a máa já ṣákaṣàka. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Celsus ará Róòmù ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa oríṣi kan tó ń yí ẹ̀yìn orí ká bí ejò, orúkọ tó tan mọ́ ejò náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní: ophiasis.

Ọ̀rundún kọkàndínlógún ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1843, David Gruby, oníṣègùn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, fi awò amú-nǹkan-tóbi rí kòkòrò tó ń fa làpálàpá orí. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ orúkọ tí àwọn oníṣègùn mìíràn ti ń pe alopecia areata ló lò fún àìsàn tí ó rí yìí. Bí àrùn méjì ṣe di ọ̀kan lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn. Bí làpálàpá bá ń ràn, àbí èyí náà kò ní ràn? Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní pelade, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Àkádẹ́mì Ìṣègùn wọn. Ní 1888, Ernest Besnier jábọ̀ fún wọn lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí àwọn tó ní in. Ẹ wo bí àṣìpè orúkọ kan ṣe sọ ọmọ tí kò lè kó nǹkan kan ran ẹnikẹ́ni di ẹni tí wọ́n ń sá fún.

Àwọn mìíràn kò gba ti kòkòrò gbọ́. Wọ́n ní iṣan ara ló ń dàrú, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn. Nígbà tí ọ̀rundún ogún bẹ̀rẹ̀, Lucien Jacquet ní Paris ní eyín tó ń yọni lẹ́nu ló ń fà á. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: àlàyé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bó bá jẹ́ kòkòrò, a jẹ́ pé onídọ̀tí ni ọ́. Bó bá jẹ́ ọkàn, a jẹ́ pé o kò le tó.

Ní 1958 ni Stephen Rothman ní Amẹ́ríkà dábàá pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ogójì ọdún kọjá kí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1998, Amos Gilhar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì gbé awọ orí àwọn aláìsàn lẹ̀ mọ́ ara eku, irun sì hù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fún eku náà ní sẹ́ẹ̀lì ajagun láti inú awọ orí aláìsàn níbi tí irun ti já, irun náà tún já. Ní 2010, ikọ̀ Angela Christiano ní Columbia University yẹ àbùdá àwọn aláìsàn tó lé ní 1,000 wò, wọ́n sì rí i pé àrùn yìí bá àrùn oríkèé ara àti oríṣi ìtọ̀ ṣúgà kan tan. Christiano alára ní àrùn náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ilé àyẹ̀wò mọ̀ kì í dé ìgboro fúnra rẹ̀. Àwọn tó ní àrùn náà ló gbé e jáde. Ní 1981, wọ́n dá National Alopecia Areata Foundation sílẹ̀ ní California. Oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi là àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀. Ní 2005, irun Gail Porter, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba, já tán, ó sì kọ̀ láti fi wíìgì bò ó. Ní oṣù Kìíní 2020, Ayanna Pressley, aṣòfin Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọbìnrin dúdú ti ń fi irun dídì rẹ̀ yangàn, bọ́ wíìgì rẹ̀ nínú fídíò kan. Ó ní èyí tó kù lórí òun já ní alẹ́ tó ṣíwájú ìdìbò láti yọ Ààrẹ nípò. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wọ wíìgì lọ dìbò lọ́jọ́ kejì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwàdà tí Chris Rock fi orí Jada Pinkett Smith ṣe níbi Oscar mú kí gbogbo ayé máa béèrè ohun tí alopecia jẹ́. Ó dunni pé ìgbátí ló dá ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 kan náà, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí baricitinib, oògùn oríkèé ara tẹ́lẹ̀, fún àwọn àgbàlagbà tí tiwọn le gan-an. Òun ni oògùn àgbémì àkọ́kọ́ tó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àrùn yìí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì ní ewu tirẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ti là.

Kí ló wá kàn wá nínú yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì? Òun ni pé ẹnu wa lè tún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ṣe. Bí ẹnì kejì rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà nígbà gbogbo, má ṣe pè é ní apárí, má sì sá fún kóòmù tàbí ìrọ̀rí rẹ̀. Gbà á nímọ̀ràn kó lọ rí oníṣègùn awọ ara, torí làpálàpá náà wà lóòótọ́, oníṣègùn ló sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Kó má kàn máa fi ohun gbogbo tí wọ́n bá tà fún un pa orí. Àwọn oníṣègùn lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Àwa ti kà á báyìí, kò sí àwáwí fún wa mọ́.