Ìwé Tí A Tẹ̀, Òǹkàwé Tí A Wá: Bí Àwọn Oníwèé-Ìròyìn Èkó Ṣe Gbé Orúkọ Wọn Ró

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò ìwé títẹ̀ ni. Láti òpópónà Shipeolu títí dé Bajulaiye, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń kí àlejò káàbọ̀. Ẹnì kan ni yóò to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ni yóò ṣe pléètì rẹ̀, ẹ̀kẹta ni yóò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹrin ni yóò gé e, ẹ̀karùn-ún ni yóò dì í. Ọmọ iṣẹ́ ni yóò sì máa ru ìwé náà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi parí. Bí a bá wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀, a ó rí i pé iṣẹ́ orúkọ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: àlùmánáàkì ẹgbẹ́ tí àwòrán àwọn olóyè ẹgbẹ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti pósítà olóṣèlú. Olúkúlùkù ń fẹ́ kí ayé mọ òun.

Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé kíkà. Òǹkọ̀wé lè gbé páálí ìwé mẹ́wàá kúrò ní Ṣómólú, kí ó gbé e dé ilé, kí ikán sì jẹ ẹ́ tán lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ kò lè wá òǹkàwé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kọ nǹkan lédè Yorùbá lóde òní ló ń béèrè pé: báwo ni ènìyàn ṣe ń ní òǹkàwé tirẹ̀? Báwo ni orúkọ òǹkọ̀wé ṣe ń di ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé? Àwọn kan rò pé ìbéèrè tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Àwọn baba wa tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn ní Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti bá ìbéèrè yìí wọ̀yá ìjà, ìtàn wọn sì yẹ ní mímọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ: 1859

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ *Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* jáde ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ní ọdún 1859 yìí kan náà ni Babington Macaulay dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Bàrígà lónìí. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ohun méjèèjì pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ń mú kí ènìyàn lè kàwé. Ìwé ìròyìn ń fún ẹni tó lè kàwé ní ohun tí yóò máa kà. Ọ̀kan kò pé láìsí èkejì.

Kí ni Townsend ń kọ síbẹ̀? Ìròyìn ìjọ ni, ta ni ó bímọ, ta ni ó kú, ta ni ó dé sí ìlú, èló ni òwú lọ́jà. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí àṣà kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára, kí ẹni tó bá ń wá ìròyìn lè wá a sínú ìwé. Ó mọ̀ pé ènìyàn kì í kọ́kọ́ fẹ́ràn ìwé nítorí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó bá ohun tó kàn án pàdé nínú rẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde, ìwé ìròyìn náà dópin. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́, ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá a lọ.

Àwọn ọdún 1920: ọkùnrin kan, ìwé ìròyìn kan

Èkó ni iná náà ti wá ràn gidigidi. Ní 1922, Adeoye Deniga gbé *Èkó Àkéte* jáde. Ní 1923, E. A. Akintan gbé *Elétí Ọfẹ* jáde. *Èkó Ìgbẹ̀yìn* tẹ̀ lé e ní 1926, *Akéde Èkó* tí Isaac Babalola Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá ti dá *The Yoruba News* sílẹ̀ láti 1924.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún àwọn ìwé wọ̀nyí. Elétí ọfẹ ni ẹni tí etí rẹ̀ yára gbọ́, tí nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ ládùúgbò kí ó má ta sí i létí. Akéde ni ẹni tí ọba rán níṣẹ́ láti kéde ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú. Kí òǹkàwé tó ṣí ojú ìwé kìíní ni ó ti mọ irú ohùn tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ìlérí ni orúkọ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni oníwèé-ìròyìn sì ní láti san ẹ̀jẹ́ náà.

Ìwé ìròyìn ìgbà náà kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin kan ṣoṣo ni olówó rẹ̀, òun ni olóòtú, òun ni akọ̀ròyìn, òun náà ni yóò sì máa sin gbèsè lọ́wọ́ àwọn tó ti gba ìwé tí wọn kò tíì sanwó. Bí òǹkàwé bá gbàgbé rẹ̀, ebi ni. Nítorí náà, ìwà òun fúnra rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ di ọ̀kan náà lójú àwọn ènìyàn. Ẹni tó ra *Akéde Èkó* mọ̀ pé Thomas ni òun ń bá pàdé.

Ọbasá gba ọ̀nà mìíràn. Ó jẹ́ akéwì, ó sì ń fi ewì sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Nígbà tí ó wá tẹ ìwé àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé ewì rẹ̀ jáde ní 1927, kì í ṣe àlejò ni ó gbé ìwé lọ bá. Àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ìwé tó dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ń ṣe lónìí ni pé wọ́n ń tẹ ìwé kí wọ́n tó wá òǹkàwé. Ọbasá ní òǹkàwé kí ó tó tẹ ìwé.

Ẹsẹ̀ ni ó ń mú orúkọ rìn

Ohun kan tún wà tí Thomas àti Akintan ṣe tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Wọ́n rìnrìn-àjò. Wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n kúrò ní Èkó lọ sí àwọn ìlú òkè, wọ́n sì ń kọ ìtàn ìrìn-àjò náà sínú ìwé ìròyìn wọn. Wọ́n kọ nípa ọ̀nà àti nípa ìlú, ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n kọ nípa ènìyàn: ẹni tó gbà wọ́n sílé, ẹni tó sè fún wọn, ẹni tó sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Orúkọ ni wọ́n fi ń pe olúkúlùkù, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ronú sí i. Ẹni tí ó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tó ti Èkó wá, ṣé kò ní ra ìwé náà? Ṣé kò ní fi han àwọn ẹbí rẹ̀? Àwọn baba wọ̀nyí mọ̀ pé bí o bá fẹ́ kí ènìyàn mọ orúkọ rẹ, ó yẹ kí ìwọ náà mọ orúkọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ń fẹ́ kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn mọ àwọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kò mọ ènìyàn mẹ́wàá nínú wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìka tí kò bá darapọ̀ mọ́ ìyókù kò lè dún lórí àyà.

Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́

Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú *Akéde Èkó*. Obìnrin àgbà kan ni ó pe ara rẹ̀ ní ẹni tó kọ ọ́. Ó ní àìsàn ń ṣe òun, ikú kò jìnnà sí òun, òun sì fẹ́ ròyìn ayé tí òun fi ìṣekúṣe lò nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́ arẹwà, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Lẹ́tà tẹ̀ lé lẹ́tà títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, a sì kó wọn jọ di ìwé ní 1930 kan náà.

Èkó gbà gbọ́. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa obìnrin náà. Àwọn kan káàánú rẹ̀, àwọn kan fẹ́ mọ ẹni tí í ṣe. Kí ló fà á? Ìdí ni pé Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀, ó ń mẹ́nu ba orin tí Èkó ti kọ rí, ó ń fa ọ̀rọ̀ Bíbélì àti orin ìjọ yọ, ó sì ń dúró díẹ̀ láti ké "ẹ̀yin òǹkàwé" bí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Kò kọ èdè ìjìnlẹ̀ tó ṣòro. Èdè Èkó gan-an ni ó ń sọ.

Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ àwọn lẹ́tà náà. Karin Barber, tó tún ìtàn náà tẹ̀ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, pè é ní ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀-geere àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ìyẹn ni pé ó ṣáájú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti D. O. Fágúnwà, tó jáde ní 1938. Ibi tí a kò fojú sí ni ìtàn àròsọ wa ti jáde: láti inú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí olówó rẹ̀ ń wá òǹkàwé kí ó má baà kógbá sílé.

Ìbòjú àti ẹni tí yóò dáhùn

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé: ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn? Ìbéèrè tó yẹ ni, nítorí pé lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orúkọ tí kì í ṣe tiwọn kó èrò jọ, wọ́n ń pa irọ́, wọ́n ń ba orúkọ ọlọ́mọ jẹ́, kò sì sí ẹni tí a lè mú.

Ní tèmi, ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Òfin ìwé ìròyìn ti ọdún 1903 ti pa á láṣẹ pé olówó ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ó sì fi 250 pọ́n-ùn ṣe ìdúró. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin náà láti fi di àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́nu ni, kò sì yẹ kí á yìn ín. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó ń tẹ ìwé nígbà náà kò ní ibi tí yóò sá pa mọ́ sí. Ní 1928, ọdún tí *Akéde Èkó* bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán Herbert Macaulay, ọmọ Babington Macaulay tí a dárúkọ lókè, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn *Lagos Daily News* tẹ̀ jáde. Thomas mọ èyí. Sẹ̀gilọlá lè fi ìbòjú bo ojú, ṣùgbọ́n orúkọ Thomas wà lórí ìwé ìròyìn náà ní gbangba. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ẹni tí yóò dáhùn, ó mọ ilé tí yóò lọ. Eégún lè wọ ẹ̀kú, ṣùgbọ́n agbo ilé tó ti jáde kì í ṣe àwámáàrídìí fún ìlú.

Láti Akéde dé Aláròyé, títí dé Bàrígà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn ti kú. Ẹ̀kọ́ wọn kò kú. Nígbà tí Musa Alao Adedayo kọ́kọ́ gbé *Aláròyé* jáde ní 1985, kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró. Ó tún gbìyànjú nínú àwọn ọdún 1990, kò tún dúró. Ní 1996 ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá rò pé oṣù mẹ́ta ni orúkọ fi ń dúró, kí ó ka iye ọdún tó wà láàárín 1985 àti 1996.

Ẹ tún jẹ́ kí á wo àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ṣómólú àti Bàrígà ni 9ice ti dàgbà, ẹni tó fi òwe àti àyájọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ *Gongo Aṣọ* ní 2008. Bàrígà ni Olamide ti jáde, tó sì fi èdè Yorùbá ìgboro kọ orin tí ó rìn jìnnà kọjá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan kò fẹ́ràn gbogbo ohun tó wà nínú orin wọ̀nyí. Èmi náà kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí Thomas ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n fi èdè àdúgbò wọn bá àdúgbò wọn sọ̀rọ̀, wọn kò tijú ibi tí wọ́n ti wá, àwọn tó wà lókèèrè sì wá gbọ́.

Ohun tó kù fún wa

Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwa olùkọ́ èdè yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè mú ọmọ jókòó sínú kíláàsì. Kò lè mú un ra ìwé Yorùbá nígbà tí ó bá jáde. Òǹkọ̀wé nìkan ni ó lè ṣe ìyẹn, nípa ṣíṣe ohun tí àwọn baba wọ̀nyí ṣe: kí ó máa jáde ní àsìkò tó bá dá, kí ó ní ohùn tí a lè dá mọ̀, kí ó mọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ lórúkọ, kí ó fún wọn láyè láti fèsì, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró ti ohun tí ó kọ.

Bí a kò bá ṣe é, ẹ̀rọ Ṣómólú yóò máa ké lójoojúmọ́, yóò máa tẹ àlùmánáàkì àti ìwé ètò ìsìnkú. Ó lè wá di pé ìwé ètò ìsìnkú nìkan ni a ó tún máa rí Yorùbá kà nínú rẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.