Ká Tó Mọ Odi: Ìtàn Àwọn Tó Ṣètò fún Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Ọjọ́ Iwájú

Kíkà: Nehemáyà 2:1-18

Ẹni tó bá ti gbé Zaria rí yóò mọ Kwangila. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Kano àti Kaduna ti pàdé ọ̀nà tó gba Samaru àti Shika lọ sí Funtua àti Sokoto. Ọ̀pọ̀ yín ló ti dúró de ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbé aláìsàn gbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí yunifásítì yẹn ṣe dé Zaria, nítorí ìtàn náà kan ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa.

Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé láti Amẹ́ríkà, dókítà míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi ibẹ̀ rán sí ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti di Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ní Zaria, ọmọdé kan tó kàwé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì CMS, Russell Aliyu Barau Dikko, lọ sí Birmingham, ó sì di dókítà ní ọdún 1940. Òun ni ọmọ Àríwá àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń rí ẹnì kan lónìí, ẹnì kan ní ẹ̀yìn ọ̀la, àìsàn kò ní dúró dè wá.

Ìdí nìyí tí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ní ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ Bìrìtìkó mẹ́ta, ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta. Sir Eric Ashby ni alága wọn. Àwọn tiwa ni Kenneth Dike, Shettima Kashim láti Borno, àti Sanya Onabamiro, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tó ti ṣe ìwádìí lórí àrùn sobìà. Àjọ Carnegie ní Amẹ́ríkà ló gbé lára ìnáwó rẹ̀. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, wọ́n jókòó pọ̀ ṣe é. Ìbéèrè wọn ni pé irú ẹ̀kọ́ gíga wo ni Nàìjíríà yóò nílò láàárín ogún ọdún tó ń bọ̀? Frederick Harbison, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Princeton, ló bá wọn ṣírò iye òṣìṣẹ́ tó kàwé tí orílẹ̀-èdè náà yóò fẹ́.

Àbọ̀ wọn jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960. Lára ohun tí wọ́n dá lábàá ni yunifásítì fún Àríwá. Ní ọdún 1962, Yunifásítì Ahmadu Bello ṣí ní Zaria. Ní 1967, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Kashim ṣì wà lára ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Samaru.

Ṣùgbọ́n kíkọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé yóò dúró. Láti bí ọdún 1980 síwájú, bí ọrọ̀ ajé ṣe ń bàjẹ́, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Saudi Arabia, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà. Àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn. Ó tún di dandan kí àwọn orílẹ̀-èdè jókòó pọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò sórí ìlànà kan ní Geneva: kí orílẹ̀-èdè olówó má ṣe máa wá òṣìṣẹ́ ìlera kiri ní ibi tí wọn kò ti tó, kí wọ́n sì ran àwọn tó kọ́ wọn lọ́wọ́. Ìlànà náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn. Ní 2023, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí Àjọ náà kọ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Ní 2024, Nàìjíríà gbé ètò tirẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí kan bí ẹni tó lọ yóò ṣe rọrùn fún láti padà. Muhammad Ali Pate ni mínísítà ìlera nígbà náà. Zaria ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó ṣiṣẹ́ ní Gambia àti Amẹ́ríkà kó tó padà wálé.

Ẹ̀yin ará, a kò pè yín ní ọ̀dàlẹ̀. A mọ ohun tó lé ọ̀pọ̀ yín: owó oṣù tí kò tó gbọ́ bùkátà, iná tó ń lọ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ẹni tó dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lóru yìí, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń sáré láàárín òun àti ogún aláìsàn mìíràn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ òtítọ́.

Ẹ wo Nehemáyà. Iṣẹ́ rere ló ní láàfin ọba ilẹ̀ òkèèrè, síbẹ̀ ó béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ àwọn tó ti ibẹ̀ dé. Ó sunkún, ó gbààwẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí ọba béèrè ìgbà tí yóò padà, ó dá ìgbà fún un. Ó gba ìwé àṣẹ, ó tọrọ igi. Nígbà tó dé Jerúsálẹ́mù, ó kọ́kọ́ yí odi ká lóru láti mọ ibi tó wó, kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú apá tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún padà sọ́dọ̀ ọba.

Apá wo ni tìrẹ? Bóyá ọjọ́ méjì nínú ìsinmi rẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nílé. Bóyá owó ilé-ìwé ọmọ kan. Bóyá kí o sọ ọ́ ní ìpàdé níbi iṣẹ́ rẹ pé ó yẹ kí ilé ìwòsàn tó ń jèrè ọwọ́ rẹ ran ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ lọ́wọ́. Bóyá ìpadàbọ̀ ni. Bí Olúwa bá béèrè, dá ìgbà fún un.

Àdúrà: Olúwa Ìkórè, rán òṣìṣẹ́ sí ibi tí wọn kò ti tó. Di àwọn tó dúró mú, má sì jẹ́ kí àwọn tó lọ gbàgbé odi ilé bàbá wọn. Àmín.