Iṣẹ́ Panápaná ní Àgbádárìgì àti Irú Ọkọ̀ Tó Yẹ Ẹ́

Iṣẹ́ panápaná ní Àgbádárìgì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ panápaná Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ní àgọ́ nínú ìlú náà. Ilẹ̀ Àgbádárìgì lọ títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀sà sì là á já. Títì márosẹ̀, ọjà Agbalata àti Ajara wà lápá kan; Gberefu àti àwọn abúlé apẹja tó kọjú sí òkun wà lódìkejì. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí yìí ló yẹ kó pinnu irú ọkọ̀ tí wọn yóò kó sí àgọ́, kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Ọdún 1901 ni ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ọlọ́pàá, èyí tó di ilé-iṣẹ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn náà. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó dá dúró ní 1972.

Omi ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ panápaná ìgboro ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbé ju nǹkan bí 1,800 lítà omi lọ, nítorí pé ẹnu ẹ̀rọ omi wà lẹ́bàá títì tí wọ́n lè so róbà mọ́. Bí róbà méjì bá ń tú omi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú 500 lítà ní ìṣẹ́jú kan, omi inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pé ìṣẹ́jú méjì kó tó gbẹ. Níbi tí kò bá ti sí omi ẹ̀rọ lẹ́bàá títì, ọkọ̀ náà kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyí tí tánkà tó ń gbé 10,000 lítà fi níyì lọ́wọ́ àwọn panápaná Èkó: yóò fún róbà méjì náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ nìkan wọn tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, kí a tó ka irin, ẹ̀rọ àti àwọn òṣìṣẹ́. Kò lè rìn lórí iyanrìn láàárín igi àgbọn, kò sì lè sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá òkun yìí gan-an ni ilé tí wọ́n fi imọ̀ bo wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ẹja, afẹ́fẹ́ òkun kì í sì í jẹ́ kí iná dúró sójú kan.

Omi tí à ń wá kiri kò jìnnà. Ẹ̀rọ ìfami kékeré tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin lè gbé wọ ọkọ̀ ojú omi lè fa omi ọ̀sà tààrà sẹ́nu iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ fi ju nǹkan bí mítà méje lọ ga ju ojú omi, torí afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè sínú rẹ̀; etí ọ̀sà Àgbádárìgì tó rẹlẹ̀ kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀: asẹ́ tó wà lẹ́nu róbà gbọ́dọ̀ rì sínú omi dáadáa kó má baà fa afẹ́fẹ́, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kan ẹrẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iyanrìn yóò jẹ ẹ̀rọ náà níkùn. Wọ́n tún ní láti ṣọ́ koríko ojú omi tó gbalẹ̀ kan. Ọ̀sà Àgbádárìgì yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kófìrí rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1984, ó sì lè dí asẹ́ pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Epo bẹntiróòlù ni ọ̀rọ̀ kejì, omi lásán kò sì kápá rẹ̀. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Yóò léfòó sórí omi, yóò sì gbé iná náà lọ sílé ẹlòmíràn. Fóòmù ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí gbiná ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, lápá Bẹ̀nẹ̀ ẹnubodè náà, ó sì pa ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ. Ní Abúlé Àdó, lágbègbè títì márosẹ̀ kan náà lápá Èkó, ìbúgbàmù ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2020 wó ọ̀pọ̀ ilé, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní ogún. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò nítòsí ọ̀pá epo. Àwọn mìíràn kò rò pé sílíńdà nìkan lè ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti NNPC ni a gbé jáde gẹ́gẹ́ bí àbájáde ìwádìí àkọ́kọ́; kò yẹ kí a kà á sí ìdájọ́ ìkẹyìn. Èyí ó wù kó jẹ́, àgọ́ tó wà létí ọ̀nà epo tí kò ní fóòmù nípamọ́ kò tíì gbaradì.

Àwọn kan lè sọ pé omi ọ̀sà níyọ̀, yóò jẹ irin. Òótọ́ ni, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi omi tútù ṣan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò pẹ́. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ alákàbà gíga ló yẹ ìlú tó ń dàgbà. Mi ò gbà. Ilé alájà púpọ̀ Erékùṣù Fikitóríà ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún. Àkàbà ọwọ́ lásán á dé fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n parí ní Àgbádárìgì ní 1845. Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹ̀rọ kékeré kò lè dá pa iná ńlá ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà ni tánkà kan kò fi gbọdọ̀ kúrò lójú títì. Ohun tí mò ń sọ ni pé tánkà kejì kò ní ran Gberefu lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú omi kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfami yóò ràn án, owó rẹ̀ kò sì tó ti tánkà.

Àgọ́ Àgbádárìgì kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìrànlọ́wọ́ láti Ọ̀jọ́ tàbí Alausa, torí ọ̀nà jìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì pọ̀. Ẹni tí iná bá ṣẹ́ sí nítòsí, kó tètè pe 767 tàbí 112, kó sì sọ bóyá epo ló ń jó àti bóyá òdìkejì ọ̀sà ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò gbé wá.