Ìtàn Ìlú Athlone ní Etí Odò Shannon

Ìlú Athlone wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Áyálándì, létí odò Shannon, èyí tí ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ náà. Odò yìí gùn tó nǹkan bí 360 kìlómítà. Láyé àtijọ́, òun ni ó la àárín ẹkùn Connacht ní ìwọ̀-oòrùn àti àwọn ilẹ̀ Meath àti Leinster ní ìlà-oòrùn. Adágún àti ilẹ̀ ẹrẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀, nítorí náà ibi tí ó ṣeé sọdá kò pọ̀. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ adágún Ree, níbi tí omi kò ti jìn, tí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn lè wọ́ ọ kọjá nígbà tí odò bá fà. Ibẹ̀ ni Athlone ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1120, Toirdelbach Ua Conchobair, ọba Connacht, ṣe afárá síbẹ̀ kí ogun rẹ̀ lè máa ráyè wọ Meath. Ní 1129, ó kọ́ odi tì í láti máa ṣọ́ ọ. Àwọn ará Meath mọ ewu tí ó wà nínú afárá náà fún wọn, wọ́n sì wó o ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n ti ń wó o ni àwọn ará Connacht ń tún un ṣe.

Àwọn Nọ́mánì gúnlẹ̀ sí Áyálándì ní 1169. Ní 1210, John de Gray, bíṣọ́ọ̀bù Norwich tí ó jẹ́ aṣojú John, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ilé olódi olókùúta sí apá Connacht, ó sì ṣe afárá tuntun. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìṣọ́ odi náà wó, ó sì pa Richard Tuit àti àwọn mìíràn. Wọ́n tún un kọ́, nítorí pé láìsí Athlone, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí ọwọ́ mú ní Connacht. Agbára ìjọba náà dínkù ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ṣùgbọ́n ó tún gbérí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Láàárín 1566 àti 1567, Henry Sidney, aṣojú Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, mú kí wọ́n fi òkúta ṣe afárá. Lẹ́yìn èyí, Athlone di ibùjókòó àwọn tí ń ṣàkóso Connacht.

Ogun tí ó sọ ìlú náà di olókìkí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1688, nígbà tí William Kẹta gba oyè ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ James Kejì. Kátólíìkì ni James, ọ̀pọ̀ Kátólíìkì Áyálándì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. William ṣẹ́gun wọn létí odò Boyne ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1690, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ìgbà náà. James sá lọ sí ilẹ̀ Faransé; àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fà sẹ́yìn sí odò Shannon. Ní oṣù yẹn kan náà, Ọ̀gágun Douglas, tí ó ń jà fún William, kó nǹkan bí 10,000 ọmọ ogun lọ sí Athlone. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Richard Grace, tí ó ń jà fún James, dáná sun apá ìlà-oòrùn ìlú, ó gé afárá, ó sì di apá ìwọ̀-oòrùn mú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, Douglas padà.

Ní oṣù kẹfà 1691, Ginkel, ará ilẹ̀ Holland tí ó jẹ́ ọ̀gágun fún William, tún dó ti ìlú náà. Ó gba apá ìlà-oòrùn, ó sì ń yin ìbọn àgbá lu òdìkejì odò. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tẹ́ pákó sí ibi tí afárá ti gé. Nínú àwọn ọmọ ogun James, Sájẹ́ńtì Custume àti àwọn mẹ́wàá kan yọ̀ǹda ara wọn láti lọ tú pákó náà. Gbogbo wọn ni ó kú. Àwọn mọ́kànlá mìíràn rọ́pò wọn, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n méjì péré ni ó yè. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, Ginkel fi afárá sílẹ̀. Odò ti fà, ó sì ní kí nǹkan bí 2,000 ọmọ ogun wọ́ ọ kọjá. Kò pé wákàtí kan tí ìlú fi bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bí Athlone ti ṣubú, ọ̀nà Connacht là. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje, wọ́n ṣẹ́gun àwọn ará Áyálándì ní Aughrim, St Ruth, ọ̀gágun ará Faransé tí ó ṣáájú wọn, sì kú síbẹ̀. Àdéhùn Limerick, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, parí ogun náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun wọkọ̀ lọ sí Faransé. Òfin tí ó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kí Kátólíìkì ra ilẹ̀ tàbí di ipò ìjọba mú. Ní Athlone, mànàmáná tún sán lu ibi tí wọ́n kó ètù ìbọn sí nínú odi ní 1697, ó sì ba púpọ̀ nínú ìlú jẹ́.

Omi tí kò jìn, tí ó ṣe arìnrìn-àjò láǹfààní, dí ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́. Nítorí èyí, wọ́n gbẹ́ ipa odò àtọwọ́dá yí apá ìwọ̀-oòrùn ìlú ká ní 1757. Láàárín 1840 sí 1850, ìjọba wa ìsàlẹ̀ odò jìn, ó wó afárá Sidney, ó sì ṣí tuntun ní 1844. Ibi ìwọ́dò àtijọ́ parẹ́ nígbà náà. Rélùwéè sọdá Shannon ní 1851, ó so Dublin pọ̀ mọ́ Galway. Ilé iṣẹ́ tí ń fi irun àgùntàn hun aṣọ tẹ̀ lé e ní 1859, ó sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́ títí iná fi jó o ní 1940.

Ní oṣù kejì 1922, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi bárékè wọn lé Seán Mac Eoin, ọ̀gágun ará Áyálándì, lọ́wọ́, ìjọba tuntun ti Áyálándì sì fi orúkọ Custume pè é. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ rédíò tí ó gbé orúkọ Athlone káàkiri ní gbangba ní 1933. Afárá òpópónà tí ó yẹ àárín ìlú sílẹ̀ ṣí ní 1991, ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ sì tẹ̀ lé e ní 2023. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn ará ìlú náà lé ní 22,000.

Láti ìgbà Toirdelbach títí di òní, ọ̀pọ̀ ìjọba tí ó ṣàkóso àárín Áyálándì ni ó ṣe iṣẹ́ kan sí Athlone. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun fi ń padà síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí odò Shannon ti ṣeé sọdá lórí àwòrán ilẹ̀.